Ohun ọ̀ṣọ́ Halloween láti ara elégédé, ewé àti igi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Kẹ́hìndé, Manchester (13 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ mi, ọdún 6 àti ọdún 9, fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tiwa náà dà bíi ti aládùúgbò ní ọjọ́ 31 oṣù yìí, tí í ṣe ọjọ́ Halloween. Mi ò fẹ́ ra àwọn nǹkan oníke tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. £10 ni mo lè ná, kò sí owó mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: elégédé méjì tí ọ̀bẹ kò tíì kàn, igi páìnì kan lẹ́yìnkùlé tí èso rẹ̀ ń já bọ́, àti ewé rẹpẹtẹ lójú títì. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sí òrùlé lórí wọn, òjò ń pa wọ́n tààrà. Fèrèsé ńlá kan sì wà tó kọjú sí ìta.

Ìgbà wo ni kí n gbẹ́ inú elégédé náà, kí n gé ojú àti ẹnu sí i, kí n sì fi iná sínú rẹ̀? Kí ni mo lè fi ewé ṣe tí kò ní rún sí wẹ́wẹ́ kí ọjọ́ tó pé?

Baba Rẹ̀mí, Houston (13 Oṣù Kẹwàá)

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ gbẹ́ ẹ báyìí kí ara tù yín. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ fi Vaseline pa gbogbo ojú tí ọ̀bẹ kàn, inú àti ìta. Kò ní sún kì. Kí ọ̀kẹ́rẹ́ má baà jẹ ẹ́, ẹ wọ́n ata gígún sí i lára. Ó tán.

Alágbẹ̀dẹ, Chicago (13 Oṣù Kẹwàá)

Baba Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, èyí kò lè ṣiṣẹ́ fún un. Elégédé tí a kò gé lè wà fún oṣù kan sí méjì níbi tó tutù tó sì gbẹ, nítorí èèpo líle yẹn ló ń dáàbò bò ó. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, nǹkan méjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: omi ara rẹ̀ ń jáde, ẹnu àti ojú tí a gé ń sún kì, ohun tó ń mú oúnjẹ bu náà sì ti rí ọ̀nà wọlé. Vaseline ń dín ti àkọ́kọ́ kù díẹ̀. Kò pa ti èkejì, ńṣe ló ń há omi mọ́ inú. Epo sì ni: bí àbẹ́là bá wà nínú elégédé náà, ohun tí iná yóò jó lẹ fi pa á yẹn.

Ìyá Kẹ́hìndé, ọjọ́ 28 tàbí 29 ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má ṣe é ṣáájú. Títí di ìgbà yẹn, ẹ gbé méjèèjì sí ibi tó tutù nínú ilé, lórí páálí tàbí ìwé ìròyìn, kì í ṣe lórí sìmẹ́ńtì tútù lásán. Ẹ má fi ọrùn rẹ̀ gbé e. Bí ọrùn bá ya, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rà.

Ní ti gbígbẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé òkè bí ọmọrí ìkòkò. Ó dára bí ẹ bá dá ọ̀bẹ ní gẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sínú, tí ọmọrí náà kò fi ní já sínú. Ṣùgbọ́n bí iná bátìrì lẹ máa lò, ìdí ni kí ẹ gé. Ẹ gé ìdí rẹ̀ roboto, ẹ kó inú jáde láti ibẹ̀, kí ẹ wá gbé elégédé náà lé iná lórí. Òkè tó wà ní odidi kò ní rọ̀ wọnú, òjò kò sì ní rí ihò wọlé. Bí àbẹ́là gidi ni, òkè ni kí ẹ gé, kí ẹ sì lu ihò kan tó fẹ̀ tó ìka méjì sẹ́yìn rẹ̀ lápá òkè kí èéfín àti ooru rí ọ̀nà jáde. Láìsí ihò yẹn, ooru àbẹ́là yóò se ọmọrí náà títí yóò fi rọ̀.

Ẹ fi ṣíbí irin ha inú rẹ̀ títí ògiri apá tí ẹ fẹ́ gé ojú sí yóò fi ku nǹkan bíi 2.5 cm. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé wọ́n ń kó hóró kúrò, wọ́n ń fi okùn-okùn rírọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. Okùn yẹn ló kọ́kọ́ ń bu. Ẹ ha á kúrò pátápátá. Ọ̀bẹ ìdáná kì í ṣe irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí, ó gùn jù, ó sì máa ń yọ̀ lọ sí ọwọ́ kejì. Ayùn kékeré tí wọ́n ń tà pẹ̀lú elégédé ni kí ẹ lò, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi agbára tì í.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po ṣíbí ìjẹun kan Jíìkì mọ́ lítà omi mẹ́rin, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ títí yóò fi gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí.

Olóko Ìlú, Leeds (13 Oṣù Kẹwàá)

Fínígà náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò fẹ́ Jíìkì nínú ilé: ife kan sí ife omi mẹ́wàá. Kò lágbára tó Jíìkì, ẹ máa fi nu ún lójoojúmọ́ ni. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ po méjèèjì pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí elégédé tí ẹ gbẹ́ bá ti ń sún kì, ẹ rì í sínú omi tútù láti alẹ́ di òwúrọ̀. Omi tó ti sọ nù ni yóò fà padà, yóò tún le. Ó ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá ti bu, omi kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Baba Rẹ̀mí, Houston (13 Oṣù Kẹwàá)

Ó dáa, mo gbà ti Vaseline. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 tí ẹ dá yẹn, ti ibi tó tutù ni o. Ní Texas níbí, ọ̀sán Oṣù Kẹwàá lè kọjá 27°C dáadáa. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ní ọjọ́ 28, ọbẹ̀ ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ 31. Níhìn-ín, alẹ́ ọjọ́ 30 ni, kí ó sì sùn nínú fíríìjì bí àyè bá wà. Ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó má gbẹ́ ẹ rárá. Kó lọ èédú kúnná, kó pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, kó fi ya ojú àti eyín sára rẹ̀. Elégédé odidi tí a ya ojú sí lára á wà títí di ìdúpẹ́ Thanksgiving, ẹ óò kàn yí i pa dà kí ojú náà kọ sí ògiri.

Yétúndé Ọlọ́gbà, London (14 Oṣù Kẹwàá)

Ata gígún tí Baba Rẹ̀mí sọ, òótọ́ ni pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò fẹ́ ẹ, ẹyẹ kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Àmọ́ òjò kan ṣoṣo ló máa fọ̀ ọ́ kúrò, ní Manchester ká má tilẹ̀ sọ ọ́. Ìṣòro kejì ni ọmọ kékeré tó fọwọ́ kàn án tó tún fọwọ́ yẹn nu ojú. Ẹ gbé elégédé wọlé ní alẹ́, ẹ gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyẹn gan-an ń dáàbò bò ó ju ata lọ.

Àbẹ̀kẹ́, Glasgow (14 Oṣù Kẹwàá)

Gbogbo yín ń sọ elégédé bí ẹni pé òun ni olórí àṣà yìí. Kó tó di ti Amẹ́ríkà, tọ́nípù àti swede, àwọn gbòǹgbò jíjẹ roboto, ni wọ́n ń gbẹ́ ní Ireland àti ní Scotland níbí. Àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ló bá elégédé níbẹ̀, tí wọ́n rí i pé ó tóbi, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ère tọ́nípù àtijọ́ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìgbèríko ti orílẹ̀-èdè Ireland, ní ìpínlẹ̀ Mayo, èyí tí wọ́n fi P.O.P. da irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Donegal ni ti gidi ti wá. Ẹ wò ó lórí ayélujára, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá elégédé kankan lè bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Swede kò wọ́n rárá, owó elégédé kan lè ra méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ mú èyí tó tóbi, tó tó kílò kan. Ẹ gé nǹkan bíi 2 cm kúrò lókè, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọmọrí. Ẹ gé ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ kó lè jókòó. Inú rẹ̀ le bí igi, ẹ má fi ṣíbí bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré fa ìlà lọ́ọ̀ró àti ní ìbú sí ojú rẹ̀, kó dà bí ojú àwọ̀n, kí ẹ wá fi ṣíbí irin tó mú létí yọ ọ́ ní ṣísẹ̀-ṣísẹ̀. Ẹni tó ní dírìlì, kó lu ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá sínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ á dín kù sí ìdajì. Ẹ dúró bí ògiri bá ku 1 cm. Ẹ lu ihò méjì sí etí òkè, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ fún ìfàlọ́wọ́.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí elégédé ni pé sísún kì kò bà á jẹ́. Bí ó bá ṣe ń gbẹ, ojú á máa wọnú, ẹnu á máa hunjọ, bí arúgbó tó ń bínú. Nítorí náà swede ẹ lè gbẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́fà sí méje ṣáájú. Iná bátìrì ni kí ẹ lò. Àbẹ́là gidi máa ń se inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò dára. Èyí tí ẹ yọ jáde, ẹ sè é, ẹ gún un, ẹ fi ata àti bọ́tà sí i.

Olóko Ìlú, Leeds (14 Oṣù Kẹwàá)

Ìyá Kẹ́hìndé, kò sí ẹni tó dá yín lóhùn lórí ewé. Ewé ń rún nítorí pé omi inú rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn rọ́pò omi yẹn tàbí kí ẹ fi nǹkan bò ó.

Rírọ́pò: gílísárìn, ti ilé ìtajà oògùn. Ìwọ̀n kan gílísárìn sí ìwọ̀n méjì omi gbígbóná. Ẹ gé ẹ̀ka igi tí kò ju 60 cm lọ, ẹ la ìdí rẹ̀ ní 5 cm tàbí kí ẹ fi òòlù tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gbé e dúró sínú omi náà tó jìn tó 10 cm. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. Ewé á yí pa dà di àwọ̀ idẹ tàbí awọ ẹran, á rọ̀ bí awọ, á sì wà fún ọdún. Ẹ ṣọ́ra níbí: ewé tí ó ṣì tutù, tí igi rẹ̀ ṣì ń fà omi, nìkan ló ń gbà á. Ewé tó ti pọ́n, tó ti ń já, ti pa ọ̀nà omi rẹ̀ dé, gílísárìn kò ní gòkè sínú rẹ̀. Igi beech àti ìtàkùn ivy dára fún un. Ọjọ́ 17 péré ló kù, òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ewé pupa àti òfeefèé tó wà nílẹ̀, ẹ tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ kó ìwé wúwo lé wọn, ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kejì-kejì. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Lẹ́yìn náà ẹ yọ́ ìda oyin nínú abọ́ tí ó jókòó lórí ìkòkò omi gbígbóná (kì í ṣe lórí iná tààrà, ìda ń gbiná), ẹ di igi ewé mú, ẹ rì í fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi okùn gbé e kọ́. Àwọ̀ rẹ̀ á dúró. Ó lè fara da ìrì, àmọ́ fèrèsé ló yẹ ẹ́ ju ìta lọ.

Fún ọmọ ọdún 6: ewé sycamore tàbí maple tó tóbi. Ẹ dojú rẹ̀ kodò, kí igi rẹ̀ wà lókè. Ẹ kun ún ní funfun, ẹ fi èédú tí Baba Rẹ̀mí sọ to ojú méjì àti ẹnu sí i. Iwin nìyẹn. Ogún irú rẹ̀ lórí okùn kan á gba fèrèsé yín já.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Baltimore (14 Oṣù Kẹwàá)

Kí ló dé tí ẹ fẹ́ ra ọ̀dà? Ẹfun wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù àti omi díẹ̀, ó funfun gbòò. Osùn fún ti pupa, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ló ní, kò sí ọ̀dà tó lè mú un.

Ẹni tó bá sì fẹ́ nǹkan tí kò ní rà láéláé, akèrègbè ni kó lò dípò elégédé. Ó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó gbẹ, nítorí náà ẹ ra èyí tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá mì í, hóró inú rẹ̀ á máa dún. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ìwọ́nwọ́n fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi kànìnkànìn irin ha èèpo dúdú kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi dírìlì àti ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ojú. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ kò lo ju ọ̀bẹ tín-ín-rín àti irin gbígbóná lọ. Ẹ bo imú o. Eruku inú akèrègbè ń fa ikọ́ burúkú.

Nọ́ọ̀sì Bísí, London (14 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ́ yín dára títí dé orí ẹfun. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Britain àti ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa amọ̀ funfun jíjẹ irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wa, nítorí òjé tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Bí ẹ bá gún un, eruku rẹ̀ tún ń wọ imú. Ẹ lo ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé: ẹ lọ ọ́, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun. Funfun rẹ̀ kò tó ti ẹfun, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Baltimore (14 Oṣù Kẹwàá)

Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì wa. Ẹfun fún àgbà, ṣọ́ọ̀kì fún ọmọdé.

Dékọ́nì, Dublin (14 Oṣù Kẹwàá)

Mo kàn fẹ́ béèrè ni o. Ṣé ó yẹ kí ọmọ Kristẹni máa gbé iwin kọ́ sẹ́nu ọ̀nà?

Olùdarí Ojúlé (14 Oṣù Kẹwàá)

Dékọ́nì, ìbéèrè yẹn ní ojúlé tirẹ̀ lókè, ẹ ó bá àríyànjiyàn rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ la ń sọ níbí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ti iwin, kó yọ ojú àti eyín kúrò: elégédé odidi, àgbàdo gbígbẹ àti ewé pupa kò yàtọ̀ sí ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń tò sí iwájú pẹpẹ ní ọjọ́ ìkórè.

Màmá Tóyọ̀sí, Maryland (15 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnu ilẹ̀kùn kún un. Òbìrí ìtàkùn tí a ń gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn ni, ẹ wé e bí ìgbà tí a ń ká òṣùká. Mítà mẹ́ta ìtàkùn tútù, ẹ ká a kó fẹ̀ ní 40 cm, ẹ fi ìyókù wé e yípo. Ẹ fi ìtàkùn mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn kún un, kí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú àlàfo tó wà láàárín àwọn ti ìṣáájú. Kò nílò wáyà. Bí ìtàkùn bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Ní Amẹ́ríkà, ìtàkùn gréèpù inú igbó ló dára jù. Ní Britain, ẹ lè lo ivy tàbí ẹ̀ka willow. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún ivy, omi rẹ̀ ń yún ara.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má fa ìtàkùn tí ẹ kò mọ̀. Poison ivy ń pọ́n dáadáa ní àsìkò yìí, ewé mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì ń wu ènìyàn. Bí ewé rẹ̀ bá tilẹ̀ ti já, oró ṣì wà lára ìtàkùn. Èyí tó gun igi máa ń ní gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí irun lára. Ìtàkùn gréèpù kò ní irun, èèpo rẹ̀ ló ń ṣí ní pẹlẹbẹ gígùn. Ẹ má sì dáná sun poison ivy, èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èkejì ni bittersweet ti Éṣíà, èyí tó ní èso ọsàn àti òfeefèé tó rẹwà. Bí ẹ bá gbé e kọ́ síta, ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, á lọ gbin ín sí igbó, ìtàkùn náà á sì fún àwọn igi níbẹ̀ pa.

Háhá àgbàdo: ní Houston àti ní ọ̀pọ̀ ìlú níbí, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò ń ta á ní gbígbẹ, wọ́n fi ń di tamale, oúnjẹ àgbàdo wọn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ya á tín-ín-rín, ẹ so ó mọ́ òṣùká yẹn kó máa rọ̀ wálẹ̀. Nǹkan gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀ o. Kò gbọ́dọ̀ sí àbẹ́là gidi ní ibi kan náà pẹ̀lú háhá, koríko tàbí pòròpòrò àgbàdo.

Nọ́ọ̀sì Bísí, London (15 Oṣù Kẹwàá)

Fún Britain, ẹ fi igi yew kún èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ já. Ó pọ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, èso pupa rẹ̀ ń dán. Hóró inú èso náà àti ewé rẹ̀ jẹ́ májèlé.

Aláró, Baltimore (15 Oṣù Kẹwàá)

Iwin tó dá dúró, kò ná yín ju £2 lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni ẹ nílò, èyí tó fẹ́lẹ́, ìwọ̀n 60 cm sí 60 cm. Ẹ gbé ìgò kan kalẹ̀, ẹ fi bàlúùnù kékeré tí ẹ fẹ́ lé e lórí fún orí, ẹ fi wáyà ṣe ọwọ́ méjì, ẹ da ọ̀rá bò gbogbo rẹ̀ kí aṣọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì sitáàṣì mọ́ omi tútù díẹ̀, ẹ dà á sínú ife omi kan tó ń hó, ẹ máa rò ó títí yóò fi dán tí yóò sì ki. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́rọ́wọ́, ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un díẹ̀, ẹ dà á bo orí bàlúùnù. Ẹ tún etí rẹ̀ ṣe kó tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kan sí méjì, ó ti gbẹ. Ẹ bẹ́ bàlúùnù, ẹ yọ ìgò, iwin á dúró fúnra rẹ̀.

Láfún náà ń ṣe é. Ẹ̀kọ láfún kan náà tí àwọn aládìrẹ fi ń ya ẹlẹ́kọ ni, ẹ kàn jẹ́ kó ṣàn ju ti àdìrẹ lọ. Àwọn kan ń sọ pé kí ẹ fi ṣúgà sí i kó le sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, èèrà. Fèrèsé nìkan ni iwin yìí wà fún. Òjò bá kàn án, sitáàṣì yọ́, ó di aṣọ lásán.

Ìyá Kẹ́hìndé, Manchester (16 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ti gbé ẹ̀ka beech sínú gílísárìn. Èso páìnì ńkọ́? Mo kó nǹkan bí ọgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ padé pọ́n-ún bí ìkúùkù. Ṣé wọn kò tíì gbó ni?

Alágbẹ̀dẹ, Chicago (16 Oṣù Kẹwàá)

Wọ́n ti gbó, omi ló wà lára wọn. Bí ìpẹ́ èso páìnì bá tutù ó ń padé, bí ó bá gbẹ ó ń là. Ẹ gbọn ilẹ̀ kúrò lára wọn, ẹ tẹ́ wọn sórí bébà fọ́ìlì nínú ọ́fìnì ní 93°C fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Wọ́n á là, oje á yọ́, kòkòrò inú wọn á kú. Ẹ má kúrò nílé ìdáná. Bí ó bá tutù tán, ẹ fi ẹ̀ka wẹ́wẹ́ mẹ́jọ sáàárín ìpẹ́ rẹ̀, ó di alántakùn. Ewé tí ẹ fi ìda bò, méjì lápá ọ̀tún àti òsì, ó di àdán.

Baba Rẹ̀mí, Houston (16 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ sọ fún un pé bí ó bá gbé e síta ní Manchester, á tún padé.

Alágbẹ̀dẹ, Chicago (16 Oṣù Kẹwàá)

Òótọ́ ni. Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi là ní ìdajì-ìdajì, tí a kùn sí ìdí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, máa ń dí i lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ òjò ọ̀sẹ̀ kan á borí rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí inú fèrèsé.

Yétúndé Ọlọ́gbà, London (16 Oṣù Kẹwàá)

Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ alántakùn: ẹ má ra òwú funfun tí wọ́n ń fà bo igbó iwájú ilé. Ẹyẹ àti àdán ń há sínú rẹ̀, wọn kì í lè jáde. Igi mẹ́ta tó gùn tó 60 cm, ẹ dá wọn kọjá ara wọn láàárín, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ mú okùn tó nípọn, ẹ wé e mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọjá sí èkejì, láti àárín lọ síta, kí àlàfo tó wà láàárín okùn má dín ní 5 cm. Ẹ lo okùn àpò dípò òwú ìhunṣọ. Òwú ìhunṣọ máa ń mu omi, yóò sì fà sílẹ̀.

Ìgbálẹ̀ àjẹ́ ńkọ́? Ọwọ̀ tó wà nílé yín, ẹ tú u, ẹ tún un dì yí igi mítà kan ká, ẹ fi okùn so ó níbi méjì. Ó parí.

Ìyá Kẹ́hìndé, Manchester (19 Oṣù Kẹwàá)

Elégédé kan ti ní ojú kan tó rọ̀ nídìí, ó tó owó kọ́bọ̀. Ṣé kí n jù ú nù?

Alágbẹ̀dẹ, Chicago (19 Oṣù Kẹwàá)

Ṣé ó wà lórí nǹkan tútù? Bí ojú náà bá rọ̀ lásán tí omi kò jáde, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi omi Jíìkì yẹn pa á, ẹ dojú rẹ̀ sókè níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí omi bá ti ń ro jáde, kò ní dé ọjọ́ 31. Ẹ kó hóró rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ ra swede Àbẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀.

Olóko Ìlú, Leeds (19 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ má sọ ọ́ sínú igbó o, àti ìyókù náà lẹ́yìn ọjọ́ 31. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn ń fún ẹranko lóúnjẹ, inú rírun ló ń fún hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kó o sí garawa àjẹkù oúnjẹ tàbí ibi tí ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ yọ ìṣó, ìda àti gọ́ọ̀mù kúrò kí ẹ tó dà á síbẹ̀.

Aláró, Baltimore (20 Oṣù Kẹwàá)

Hóró rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣeé sè bí egúsí?

Màmá Tóyọ̀sí, Maryland (20 Oṣù Kẹwàá)

Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é níbi tí egúsí bá ti wọ́n, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bó o, èèpo ti elégédé yìí le ju ti egúsí lọ. Ẹ fọ hóró náà títí yíyọ̀ rẹ̀ á fi tán, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́. Àwọ̀ ewéko ni ọbẹ̀ náà máa ní, adùn rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti egúsí. Ẹni tí kò ráyè bó o, kó fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pa á, kó yan án ní 150°C fún ìṣẹ́jú 25, kó máa yí i. Tèèpo-tèèpo ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ kó hóró jáde kí Jíìkì tó kan elégédé. Àwọn elégédé wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ nìkan, tí ara wọn rí kókó-kókó, ẹ má jẹ ẹran ara wọn rárá. Wọ́n korò, ìkorò yẹn sì ń fa inú rírun.